Ta Ni Òórùn Yìí Ń Pè? Ìfiwéra Àwọn Ìdẹ Olóòórùn fún Àgbẹ̀ àti Ọlọ́sìn Ìbàdàn

"Wá bá mi wo nǹkan yìí o." Bàbá tí oko wa jọ pààlà ní Àkùfọ̀ ló ké sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí máńgòrò ń pọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti so pàkúté oníke kan mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò wọn. Ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ikùn rẹ̀ funfun. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Máńgòrò ń já lulẹ̀ lábẹ́ igi, ìdin ń yí nínú wọn, síbẹ̀ eṣinṣin kan ṣoṣo kò sí nínú ike. Àfòpiná mẹ́rin péré ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ.

"Wọ́n ní ó ń pe kòkòrò," ni bàbá wí. "Kòkòrò wo ló wá ń pè?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n bi ẹni tó tà á fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí ike náà, òórùn abo àfòpiná àmíwọ́ọ̀mù, kòkòrò àgbàdo, ni wọ́n fi rin ín. Eṣinṣin máńgòrò ò ní nǹkan kan án fi òórùn yẹn ṣe. Ó dùn mí, torí owó àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ kára ló wọlé lọ lásán, èso wọn sì ti bàjẹ́ kí a tó mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìdẹ olóòórùn ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, yálà fún àgbàdo, fún igi eléso, fún àká tàbí fún ẹran ọ̀sìn. Ohun méjì ni mo fi ń wọ̀n wọ́n: ta ni òórùn náà ń pè, kí sì ni ẹ fẹ́ kó ṣe fún yín.

Oríkì ni, kì í ṣe ariwo

Bí ẹnì kan bá dúró ní Ọjà Ọba tó pariwo pé "Ìwọ!", gbogbo èrò ọjà ló máa yíjú. Ṣùgbọ́n bó bá ki oríkì ẹnì kan, orí ẹni tó ni ín ló máa wú, àwọn yòókù á máa bá ọjà wọn lọ. Bí òórùn tí àwọn ẹranko fi ń pe ẹnìkejì wọn ṣe rí nìyẹn. Fẹ́rómóònù ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Lọ́dún 1959 ni Adolf Butenandt, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, kéde pé òun àti àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ti rí èyí àkọ́kọ́ yọ jáde. Ara abo àfòpiná tó ń ta òwú ṣẹ́dà ni wọ́n ti rí i, bí irú èyí tí à ń rí òwú sányán lára rẹ̀ ní tiwa. Nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n fi ṣe é, abo àfòpiná tí wọ́n lò sì tó 500,000, kí wọ́n tó rí ìwọ̀n bíńtín tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Wọ́n sọ òórùn náà ní bombykol. Ọdún yẹn kan náà ni Peter Karlson àti Martin Lüscher dá ọ̀rọ̀ náà, fẹ́rómóònù, sílẹ̀. Gbogbo rọ́bà ìdẹ tí wọ́n ń tà fún wa lónìí, ọmọ iṣẹ́ yẹn ni.

Ìdẹ àgbàdo

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni àmíwọ́ọ̀mù tó ti Amẹ́ríkà wá yìí kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Áfíríkà, oko àgbàdo gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Ìbàdàn láti 1967, wà lára àwọn tó kọ̀wé kéde rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo láti ìgbà yẹn mọ ìṣe rẹ̀: ewé tó lu jára, ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun pákó nínú ọkàn àgbàdo, àti kòkòrò tó ní àmì bíi Y tí a dojú rẹ̀ dé níwájú orí, tí àmì dúdú mẹ́rin sì ṣe igun mẹ́rin sí i nídìí.

Abo àfòpiná rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó 1,500 sí 2,000 kó tó kú. Á máa yé e ní ìdì ìdì, 100 sí 200 lẹ́ẹ̀kan, ẹyin náà á sì di ìdin láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Kó tó yé rárá, ó gbọ́dọ̀ rí akọ. Lóru, á dúró sórí ewé, á gbé ìdí sókè, á yọ ibi kékeré kan tó ń sun òórùn síta, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Akọ ní ìwo tín-ín-rín méjì lórí tó fi ń gbọ́ òórùn yìí. Bó bá ti gbọ́ ọ, á dojú kọ afẹ́fẹ́, á máa fò wọ́gọwọ̀gọ títí yóò fi dé ibi tó ti ń bọ̀. Òórùn náà kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n ń kọ báyìí: Z9-14:OAc. Z7-12:OAc kéré níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fi í sí i, akọ kì í fẹ́ dáhùn dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀ láti ra ìdẹ tí kò ní orúkọ kòkòrò, déètì àti ibi tí wọ́n ti ṣe é lára páálí. Oríkì tí wọ́n gé ní àárín ò lè mú ẹnikẹ́ni dáhùn.

Akọ nìkan ló ń wọ inú ike yìí. Abo tó ń yé ẹyin sórí àgbàdo yín kò ní yà síbẹ̀ láéláé. Akọ kan sì ń gun abo púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá tilẹ̀ rí 50 kó, àwọn tó kù nínú oko á ṣe iṣẹ́ àwọn tó lọ. Ìròyìn ni pàkúté yìí ń mú wá. Ó ń sọ fún yín pé àwọn àlejò ti dé, kí ìdin kankan tó wọ ọkàn àgbàdo. Fún mi, ìròyìn yẹn níye lórí ju gálọ́ọ̀nù oògùn kan lọ, torí ìdin tó ti wọ inú lọ jìnnà, oògùn kì í fẹ́ bá a mọ́.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Àgbàdo bá ti ń hù, mo ti so ó. Ike kan tó fún ìdajì hẹ́kítà sí hẹ́kítà méjì. Mo ń fi igi gbé e dúró ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, bí àgbàdo bá sì ti ń ga mo ń gbé e sókè kó máa ga ju orí àgbàdo lọ díẹ̀. Rọ́bà ìdẹ náà ń pàdánù òórùn rẹ̀ bí oòrùn ti ń pa á, nítorí náà mo ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Èyí tí mi ò tíì lò ń gbé inú fíríìsà nínú páálí rẹ̀, lọ́tọ̀ sí oúnjẹ.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo ní ìdẹ àmíwọ́ọ̀mù àti ìdẹ kòkòrò ẹ̀wà, Maruca, lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan náà ni mo fi so méjèèjì. Ohun tí mo rí nínú àwọn ike náà dàrú débi pé mi ò lè fọkàn tán iye kankan tí mo kọ sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà. Ìbọ̀wọ́ náílọ́ọ̀nù kan fún ìdẹ kan ni mo ń lò báyìí.

Tí ẹ bá ṣí ike láàárọ̀, ẹ má kàn ka òkú. Àwọn àfòpiná mìíràn máa ń ṣìnà wọlé. Ẹ fi ẹ̀ka igi tẹ ìyẹ́ iwájú rẹ̀: akọ àmíwọ́ọ̀mù ní àmì funfun kan ní igun ìyẹ́ náà, nítòsí ṣóńṣó, ara ìyẹ́ yòókù sì rí bí eérú tí wọ́n da mọ́ ilẹ̀ pupa. Èyí tó bá dán bíi koríko gbígbẹ láìní àmì funfun, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Bí iye tó ń wọlé bá ti ń lọ sókè, ẹsẹ̀ ló kàn. Ẹ wọ oko bí ẹni tó ń kọ W, ẹ dúró níbi 5, ẹ yẹ 20 àgbàdo wò níbì kọ̀ọ̀kan. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí 20 nínú 100 bá ní ojú ìjẹ tuntun, ẹ lè fọ́n oògùn. Bó bá ti ga tí kò tíì yọ òdòdó, ẹ lè dúró títí dé 40.

Fún ẹ̀wà, ìdẹ Maruca wà, wọ́n sì ti dán an wò ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ nínú pàkúté tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 funfun ṣe, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀bẹ gbẹ́. Abo náà ń wọ tirẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n kì í mú bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà mi ò ní sọ pé kí ẹni tó ní oko ẹ̀wà kékeré ná owó lé e kó tó rí i tó ń ṣiṣẹ́ ní oko aládùúgbò.

Máńgòrò àti ọsàn: ìdẹ méjì tó jọra lójú, tí kò jọra níṣẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì rà, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Eṣinṣin tó ń ba máńgòrò wa jẹ́ jù báyìí, Bactrocera dorsalis, Éṣíà ló ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, lọ́dún 2003. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Abo rẹ̀ ń fi ìdí gún awọ èso, á yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, ìdin á máa jẹ inú, títí èso á fi já, ìdin á sì wọ inú ilẹ̀ lọ láti parí ìdàgbàsókè rẹ̀.

Ìdẹ àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí lọ́jà ni methyl eugenol. Wọ́n máa ń pè é ní fẹ́rómóònù eṣinṣin, ṣùgbọ́n ara ewéko ló ti ń wá, ìbátan òórùn kànáfùrù ni. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ. Akọ eṣinṣin ń wá a káàkiri, bó bá rí i á lá a bí ọmọdé ṣe ń lá ṣúgà. Nínú ara rẹ̀, ohun tó lá yìí á yí padà, á lọ kó jọ sí àpò kékeré kan nídìí rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ní ìgbà tí wọ́n ń gun ara wọn, á tú u sí afẹ́fẹ́, òórùn yẹn ni abo ń gbọ́ tó fi ń wá bá a. Akọ tó bá ti lá a ń rí abo ju akọ tí kò rí i lá lọ. Ìyẹn ni pé nǹkan tí akọ fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ kó tó lọ fẹ́ ìyàwó ni ẹ gbé kọ́ sínú ike, kì í ṣe ohùn abo.

Nítorí náà akọ ló ń kú. Bí ẹ bá pa akọ tó pọ̀ tó, abo kò ní rí ẹni gùn ún, ẹyin rẹ̀ á di òfo. Ó ti ṣiṣẹ́ rí. Lórí erékùṣù Rota, nínú òkun Pàsífíìkì, wọ́n fi pákó tí wọ́n rin pẹ̀lú methyl eugenol àti oògùn apakòkòrò pa eṣinṣin yìí run pátápátá, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1965. Ṣùgbọ́n Rota dá dúró láàárín omi. Ìbàdàn ńkọ́? Láti Àpáta dé Àkànrán, ìwọ̀nba àgbàlá ni kò ní igi máńgòrò kan. Bí ẹ bá pa gbogbo akọ tó wà nínú àgbàlá yín, abo tí wọ́n ti gùn ní àgbàlá kejì á fò wọlé, á gún èso yín, kò sì ní bìkítà fún ike yín rárá. Nǹkan mìíràn tún ni pé Ceratitis cosyra, eṣinṣin máńgòrò ti ilẹ̀ wa gan-an, kì í dá methyl eugenol lóhùn. Terpinyl acetate ló ń pe tirẹ̀.

Ìdẹ kejì ni ti oúnjẹ: omi pùrótéènì, ìwúkàrà tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé iṣẹ́ ọtí bíà tí wọ́n ti sè. Kò lókìkí, òórùn rẹ̀ ò dára, kì í sì í fa kòkòrò láti ibi jíjìn. Ó ń gbẹ, ó ń kún fún àwọn eṣinṣin mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n abo tó fẹ́ kí ẹyin inú rẹ̀ gbó nílò pùrótéènì dandan, abo yẹn ló sì ń wá síbẹ̀. Abo yẹn ló ń ba èso yín jẹ́. Ìdẹ yìí kò sì yan ẹ̀yà: Bactrocera ń wá, Ceratitis ń wá.

Tí ẹ bá bi mí, ẹni tó ní igi márùn-ún nínú àgbàlá kò gbọ́dọ̀ fi owó ra methyl eugenol, àyàfi tó bá kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí eṣinṣin dé. Kó ra ìdẹ pùrótéènì tàbí kó ṣe é, kó sì máa ṣa èso tó bá já lójoojúmọ́. Kó dì í sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, kó so ẹnu rẹ̀ pa, kó gbé e sínú oòrùn, tàbí kó gbẹ́ ilẹ̀ tó jin tó ìdajì mítà kó sin ín. Ṣíṣa èso yìí ń ṣe ju ike èyíkéyìí lọ, mo ti rí i lábẹ́ igi tèmi. Ẹni tó ní oko eléso tó gbòòrò, tí àwọn tó yí i ká sì gbà láti jọ ṣe é, ni methyl eugenol tọ́ sí, kó sì fi pùrótéènì tì í lẹ́yìn. Tó bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ oògùn malathion, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má so ó síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba, wà ní Ìdí-Ìṣin, èso àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn; ẹ lè lọ béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó fi owó ṣe nǹkan ńlá.

Àká

Kòkòrò ńlá tó ń sọ àgbàdo àti ègé gbígbẹ di ìyẹ̀fun nínú àká, Prostephanus truncatus, yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Akọ ló ń pè. Bó bá ti rí oúnjẹ, á tú òórùn síta, akọ àti abo á sì jọ wá síbi àsè. Ìdẹ rẹ̀ ń kó méjèèjì, ó sì dára láti fi mọ̀ bóyá ó ti dé àdúgbò. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ẹnu àká yín, ẹ óò kàn pe àlejò wálé ni. Ẹ so ó síbi tó jìnnà. Láti dáàbò bo àgbàdo fúnra rẹ̀, àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni mo fọwọ́ sí.

Ọlọ́sìn: òórùn inú ìgò tàbí akọ gan-an?

Gbogbo wa la mọ òórùn òbúkọ. Lọ́dún 2014 àwọn onímọ̀ ní Japan sọ ohun kan tó wà nínú rẹ̀ di mímọ̀: 4-ethyloctanal, tó ń jáde láti awọ orí òbúkọ. Bí ewúrẹ́ bá gbọ́ ọ, ó ń ta apá ọpọlọ tó ń darí ìbímọ jí. Ohun ìyanu ni pé òórùn nǹkan yìí fúnra rẹ̀ jọ ti ọsàn. Bó bá yí padà ló ń di èyí tí a mọ̀ mọ́ òbúkọ. Fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ní Ìbàdàn, kò sí ìgò tó yẹ kó rà. Kó ya òbúkọ sọ́tọ̀ sí ibi tí àwọn abo ò ti lè gbọ́ òórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó wá dá a padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ ní àsìkò kan náà, wọ́n á sì bímọ ní ìgbà tó sún mọ́ra. Bí ẹran bá ń jẹ̀ kiri ìgboro, èyí ò ní ṣiṣẹ́, torí òórùn òbúkọ ò tíì kúrò nímú wọn rí.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló ní ìgò. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti gbó máa ń yọ ìfófòó lẹ́nu bó bá rí abo, androstenone àti androstenol sì wà nínú itọ́ náà. Androstenone yìí kan náà ló ń mú kí ẹran akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá máa rùn nínú ọbẹ̀. Abo tó ń wá akọ, bó bá gbọ́ ọ tí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á dúró gbagidi, á na etí sókè, kò ní mira. Ọjọ́ 2 sí 3 péré ló ń fi dúró báyẹn nínú nǹkan bí ọjọ́ 21. Ẹni tó bá pàdánù wọn á bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásán.

Wọ́n ń ta òórùn yìí nínú ìgò alátẹ̀fọ́n tí wọ́n ń fọ́n síwájú imú abo. Bí ẹ bá ní akọ, ẹ má rà á. Akọ ní òórùn, ó ní ohùn, ó ń fi imú ti abo, gbogbo rẹ̀ ló ń jọ ṣiṣẹ́. Ìgò wà fún ẹni tó ń ra àtọ̀ akọ fi gún abo, tí kò lágbára láti bọ́ akọ ńlá kan jálẹ̀ ọdún. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo rò pé ó tó owó rẹ̀.

Àwọn kan tún ń polówó lọ́fínńdà oní-fẹ́rómóònù fún ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ó ń fa ọkùnrin tàbí obìnrin. Androstenone inú itọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ. Kò sí òórùn kankan tí sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ẹ fi owó yín ra lọ́fínńdà tí òórùn rẹ̀ wù yín.

Bàbá ti tú ike wọn kúrò lórí máńgòrò. A ra rọ́bà tuntun, torí ti tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, a sì fi igi gbé e dúró létí oko àgbàdo wọn, nígbà tí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yọ ewé kẹta. Lórí igi máńgòrò, kẹ́ẹ̀gì ìwúkàrà méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń ṣa èso lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ní àárọ̀ kejì tí a gbé ike lọ sí oko àgbàdo, a ṣí i pa pọ̀. Àfòpiná mẹ́tàdínlógún. Bàbá mú ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi èékánná na ìyẹ́ rẹ̀ títí àmì funfun náà fi hàn, wọ́n ní kí n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣí oko wò.